Òkúta Àjíkẹ́ Lórí Àpáta Fádùńsìn

Ẹ̀yin ará wa ní Jọ́ọ̀sì, tí ẹ ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ń bi mí pé, "Ìyá Tóyìn, ilé ńkọ́?", ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi ń dá yín lóhùn. Mo ń sọ pé ilé dára, mo sì ń yára kọjá lọ, torí ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí èèyàn ń rò nídùúró lọ. Mo ti jókòó báyìí. Mo ti ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àwọn oníbàárà tó ń pariwo aṣọ ní sùúrù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Gbogbo yín lẹ mọ Màmá mi. Àwọn ni ìyá arúgbó orí àga aláwọ̀ ewé níwájú ilé wa, tí wọ́n máa ń kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, títí kan àwọn tí kì í dáhùn. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn ti kọ iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ kan ti wà lẹ́nu wọn: "Ẹ gbé mi lọ sílé." Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ìgbà wo lẹ máa gbé mi lọ sílé?" Ilé tí wọ́n ń wí kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá wa ti wá, tí a máa ń lọ ṣọdún. Abà Fádùńsìn ni wọ́n ń wí, abúlé kan lẹ́yìn Erúnmu, lápá ìlà-oòrùn Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Màmá sí. Ìgbà tí wọ́n wà ní ìyàwó ọ̀ṣìngín ni wọ́n tẹ̀lé bàbá wa wá síbi iṣẹ́ kùsà, wọn ò sì padà débẹ̀ mọ́. Àwọn òbí wọn kú, ọmọ ń dé, wàhálà ìlú ń dé, ọdún ń gorí ọdún, ilé sì ń jìnnà sí i.

Àbúrò mi, Bọ̀dé, ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. "Àǹtí, ta ló mọ Màmá níbẹ̀ mọ́?" ló máa ń bi mí. "Gbogbo ẹgbẹ́ wọn ti kú tán. Ṣé ká wá lọ gbé ìyá arúgbó kalẹ̀ sáàárín àlejò ni?" Èmi náà ò débẹ̀ rí. Ni mo bá sọ fún un pé màá lọ wò ó. Bí mo bá rí ẹnì kan péré tó ṣì mọ Màmá, a ó gbé wọn lọ. Bí mi ò bá rí ẹnikẹ́ni, màá panu mọ́. Bọ̀dé gbà bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, Màmá fà mí lọ́wọ́. "Bó o bá débẹ̀, gun orí àpáta. Ibi tí àpáta ti lanu, lápá ibi tó kọjú sódò, ibẹ̀ ni ihò mi wà. Òkúta pupa ló wà nínú ẹ̀. Bàbá mi ló gbé e látinú odò wá fún mi." Mo ní mo ti gbọ́. Kí n má purọ́ fún yín, mo rò pé àgbà ló ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wọn lẹ́nu.

*Òjò Adégbayì*

Òjò ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Adégbayì, n'Ìbàdàn, ló bẹ̀rẹ̀, mo sì sá sábẹ́ agbòjò ńlá obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì. Òjò tiwa ní Jọ́ọ̀sì a máa gbé yìnyín dání, á sì wọ èèyàn léegun. Èyí lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń rọ̀, oòrùn ń ràn, òórùn ilẹ̀ pupa ń ta sánsán. Òórùn ilẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá máa ń sọ. Wọ́n máa ń ní ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì kì í rùn bí òjò bá rọ̀, mo sì máa ń bá wọn jiyàn. Mi ò ní bá wọn jiyàn mọ́.

Mo na ọwọ́ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ orí ààrò, mo fẹ́ béèrè pé èló ni. Hausa ló jáde lẹ́nu mi. Gbogbo àwọn tó sá òjò sábẹ́ agbòjò bú sẹ́rìn-ín.

"Háà, Hàjíà!" ni obìnrin náà wí. "Mo ti rò pé Yorùbá ni yín."

"Yorùbá ni mí," mo dá a lóhùn.

Ó dùn mí, ẹ̀yin ará. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí níbí. Bí ọ̀rọ̀ ìlú bá ti gbóná, wọ́n á ní ká máa lọ sílé wa. Mo wá délé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ni pé Hausa ni mí. Omi lé sí mi lójú, mo yíjú sọ́nà bí ẹni tó ń wo òjò.

Obìnrin náà rí i pé ojú mi yí padà. Ó fa àpótí ìjókòó tirẹ̀ sábẹ́ mi. "Ẹ má bínú, Màmá, ẹ̀rín lásán ni. Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Abà Fádùńsìn."

"Lọ́nà Erúnmu níbẹ̀ yẹn? Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

Kí n tó lanu, ọkùnrin kan ti bá mi dáhùn. "Wọ́n fẹ́ lọ gun àpáta ni. Gbogbo ará ìgboro ló ń lọ gun àpáta níbẹ̀ báyìí."

Obìnrin náà wò mí látòkè délẹ̀. "Àpáta kẹ̀? Pẹ̀lú ara yìí?"

Àwọn èèyàn ibẹ̀ á bú ọ, wọ́n á sì fi oúnjẹ tù ọ́ nínú. Ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lé èyí tí mo rà, ó bu ẹ̀pà sí i, ó ní mi ò gbọdọ̀ dìde títí òjò á fi dá. Mo jókòó, mo ń jẹ, mo ń gbọ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé Yorùbá ló wà lẹ́nu gbogbo ayé. Ọlọ́kadà ń fi bú ara wọn, ọmọ ilé-ìwé ń fi kọrin, wèrè kan ń fi bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́nà. Àwa tí a máa ń sọ ọ́ nínú ilé, tí a máa ń fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí bàtà bí a bá ti ń jáde, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí láti gbọ́ ọ ní gbangba bẹ́ẹ̀. Mo rò ó pé kò sí bí Màmá ò ṣe ní máa sunkún ilé.

*Nílé Mùfútáù*

Mùfútáù ni wọ́n júwe fún mi ní Erúnmu. Àgbẹ̀ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa, òun náà ló sì ń mú àwọn àlejò káàkiri àwọn abà lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì nígboro Ìbàdàn ló ń wá jù. Wọ́n á rìn nínú oko kòkó, wọ́n á dẹ ìgèrè sódò láti mú ẹja, wọ́n á gun àpáta, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì padà sílé pẹ̀lú àárẹ̀, tìdùnnú-tìdùnnú. Mùfútáù ní ẹnu. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ á máa mi orí lẹ́yìn rẹ̀ láti fi hàn mí pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni kí n gbà gbọ́.

Mi ò sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ Adégbayì ṣì ń dùn mí. Mo ní bí mo bá sọ pé ọmọ ibẹ̀ ni mí, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìyá mi, ojú á tún tì mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n bá àwọn àlejò lọ, kí n fi ojú ara mi wò ó ná. Ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè: ṣé àwọn àgbàlagbà ṣì wà ní Abà Fádùńsìn?

"Wọ́n ti lọ tán," ni Mùfútáù wí. "Ìyá mi nìkan ló kù nínú àwọn àtijọ́. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Mo ní kí wọ́n wá bá mi gbé ní Erúnmu níbí, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ fáwọn."

Ẹnì kan ló kù. Bí ẹni yìí ò bá mọ Màmá, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ìyàwó Mùfútáù gbé iṣu sísun wá pẹ̀lú epo pupa, ó sì gbé ọbẹ̀ olú tó kó lábẹ́ igi fúnra rẹ̀ wá. Olú yẹn rọ̀ lẹ́nu bí ẹran ìgalà. Ẹ̀yin mọ̀ mí sí ẹni tí kì í jẹun níta, àmọ́ mo jẹ ẹ́ títí ojú ń tì mí. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ni wọ́n ń pè wá jẹ níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń kí mi: ẹ kú ìrìn, ẹ kú òjò, ẹ kú àárẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Mi ò tíì dáhùn ọ̀kan tán tí òmíràn á ti dé. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ni mí. Wọ́n kàn ń kí mi bí ẹni tó ti ń gbébẹ̀ tipẹ́.

*Ẹsẹ̀ àwọn òmìrán*

Àwọn ọ̀dọ́ ìgboro dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú dígí dúdú lójú wọn, a sì jọ gba inú oko kòkó lọ. Mùfútáù fọ́ kòkó kan, ó ní ká máa mu omi ara hóró rẹ̀. Ó dùn, ó sì kan díẹ̀. Màmá máa ń sọ pé àwọn ń mu nǹkan kan nínú oko tó dùn ju mínírà lọ, n kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé kòkó ni wọ́n ń wí. Mo ń wo ilẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Mo ń rò ó pé ọ̀nà tóóró yìí ni ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ nígbà tó ṣì ń sáré.

Lẹ́bàá abúlé ni ilé Fádùńsìn àtijọ́ wà. Òjò ti yọ́ ògiri rẹ̀ tán, ẹnu ọ̀nà nìkan ló dúró. Àwọn ọ̀dọ́ ń to ara wọn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń fi ìka ṣe oríṣiríṣi. Mo dúró títí wọ́n fi kúrò. Fádùńsìn ló bí bàbá Màmá. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni Màmá gbà jáde lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin wọ́n lọ sílé ọkọ. Mo gbé ọwọ́ lé igi tó dá a dúró, ó gbóná fún oòrùn. Mo pe orúkọ Màmá jẹ́ẹ́jẹ́ níbẹ̀, "Àjíkẹ́", orúkọ tí mi ò jẹ́ pè lójú wọn láéláé.

Nísàlẹ̀ àpáta, igbó kékeré kan wà tí àwọn ìdílé olórìṣà ṣì ń bọ. Mùfútáù ní ká bọ́ bàtà ká tó kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní òun ò lè bọ́ bàtà, pé onígbàgbọ́ lòun.

"Èmi Mùsùlùmí ńkọ́?" ni Mùfútáù bi í. "Bàtà mi dà?"

Ọ̀dọ́ náà bọ́ ọ. Èmi Aládùúrà náà bọ́ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní láti rọ̀ mí, torí bàtà náà ti ń há mi lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀.

Àpáta náà ò ga púpọ̀, àmọ́ ó tẹ́jú, ó sì gbòòrò. Tí èèyàn bá dé orí rẹ̀, á rí odò Ẹlẹ́ja nísàlẹ̀, á rí ọ̀pẹ, á rí páànù ilé Erúnmu lókèèrè. Ihò ló kún gbogbo ara àpáta náà, àwọn mìíràn jìn bí abọ́, àwọn mìíràn ò jìn. Yẹ̀pẹ̀ àti koríko ti kún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

"Ẹsẹ̀ àwọn òmìrán rèé," Mùfútáù kéde. "Nígbà tí àpáta ṣì rọ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́."

Àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo, wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ inú ihò láti wọ̀n ọ́n. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Màmá ti sọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá ń fi àdín pa mí lára nítorí òtútù Jọ́ọ̀sì, pé orí àpáta làwọn ti ń pa èkùrọ́ tí wọ́n fi ń ṣe àdín. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tirẹ̀ àti òkúta tó fi ń pa á, á máa pa á síbẹ̀ lójoojúmọ́ títí ojú ibẹ̀ á fi jìn. Ẹlòmíràn kì í pa tirẹ̀ síbẹ̀.

Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo lọ síbi tí àpáta ti lanu, lápá ibi tó kọjú sódò. Ihò méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀. Ọ̀kan jìn gan-an, òkúta dúdú wà nínú rẹ̀, ó ń dán fún epo. Èkejì ò jìn tó o. Kò sí ewé nínú rẹ̀, kò sí yẹ̀pẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a láàárọ̀ yẹn ni. Òkúta pupa kan jókòó sí àárín rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ lórí àpáta mo sì sunkún. Kò sí ohun tí Màmá dàrú. Gbogbo ọdún tí a fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, òkúta náà wà níbi tí wọ́n ní ó wà. Mo gbé e, ó kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ní kò sí ẹ̀bùn mìíràn tí mo lè mú bọ̀ fún wọn tó tó èyí. Mo fi í sínú àpò mi, kò sì sẹ́ni tó rí mi.

*Ìyá Àgbà*

Ìyá Àgbà jókòó níwájú ilé wọn, wọ́n ń ṣa èkùrọ́ nínú àtẹ. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n fi ọwọ́ bo iwájú orí kí wọ́n lè rí mi.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo fẹ́ fi nǹkan lé wọn lọ́wọ́ kí n tó dáhùn. Mo ti gbé ànàmọ́ òyìnbó láti Jọ́ọ̀sì wá fún ẹnikẹ́ni tí mo bá bá níbẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo fa ọ̀rá ànàmọ́ náà jáde, òkúta pupa sì tẹ̀lé e, ó yí dé ẹsẹ̀ wọn.

Àtẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èkùrọ́ fọ́n ká.

"Àjíkẹ́!" wọ́n lọgun. "Yéè! Àjíkẹ́ ti lọ!"

Wọ́n mọ Màmá! Inú mi dùn débi pé mi ò tètè gbọ́ èyí tó kù. Kí n tó mọ̀, àwọn obìnrin ti ń sáré bọ̀ láti ilé dé ilé, wọ́n káwọ́ lérí.

"Ẹ̀yin ìyá, Màmá mi wà láàyè!" mo pariwo.

"Wọ́n wà láàyè," ni obìnrin kan dáhùn, ó ń gbá mi lẹ́yìn bí ọmọ tó ń sunkún. "A gbọ́. Wọ́n wà láàyè. Pẹ̀lẹ́."

"Wọn ò kú! Ara wọn ni ò fi bẹ́ẹ̀ yá, ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n!"

"Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá!" Ìyá Àgbà fọwọ́ lu àyà. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rọra sọ ọ́. Àjíkẹ́ kọ́ ọmọ. Ó kọ́ ọmọ dáadáa!"

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin náà mọ àṣà yìí. Ta ni nínú wa ló ti gbé ìròyìn òkú lọ bá ìdílé tó sì là á mọ́lẹ̀ pé lágbájá kú? A máa ń ní ara rẹ̀ ò yá díẹ̀ ni, a máa ń ní ká jọ lọ wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni òótọ́ tí mò ń sọ ń pa Màmá lójú ara mi. Bí mo bá ti ní wọ́n ń jẹun, ẹkún á tún lé sí i.

Mùfútáù ló sáré dé pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ìgboro lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí òkúta nílẹ̀. "Ta ló gbé èyí kúrò lórí àpáta?"

"Èmi ni. Ti ìyá mi ni."

"Ẹ̀yin lọmọ Ìyá Àjíkẹ́?" Ó gbá orí ara rẹ̀. "Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Òkúta kì í kúrò nínú ihò bí ẹni tó ni ín bá wà láyé. Ọjọ́ tó bá kú ni ọmọ rẹ̀ á lọ gbé e. Á mú un lọ bá ẹni tí ihò wọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni yẹn á wá lọ fi yẹ̀pẹ̀ dí ihò náà. Ìyá mi ni ihò wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti màmá yín." Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀. "Bí ẹni tó wá túfọ̀ ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ lẹ ṣe."

Mo fa fóònù yọ kí n pe Bọ̀dé, àmọ́ kò sí nẹ́tíwọ̀kì lábúlé náà rárá. Orí àpáta nìkan ló máa ń gbé e.

"Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. Wọ́n ti nu ojú. Mùfútáù fẹ́ pọ̀n wọ́n, wọ́n gbá a lọ́wọ́ dànù. "Ta ló ń gbá ibẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Ẹsẹ̀ mi mọ ibẹ̀ ju tìẹ lọ."

*Ohùn láti Jọ́ọ̀sì*

A rọra gùn ún, a ń sinmi, a ń gùn ún. Gbogbo abúlé ló tẹ̀lé wa. Fóònù dún, Bọ̀dé gbé e, mo ní kó gbé e fún Màmá, mo sì ṣí ohùn rẹ̀ sókè.

"Màmá, mo wà lórí àpáta."

"Ṣé o rí ihò mi?"

Ìyá Àgbà gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n dì í mú lódìlódì. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ un?"

Mo gbọ́ tí Màmá ń fa fóònù mọ́ etí wọn lọ́hùn-ún.

"Àbẹ̀ní," ni Màmá wí. "Ṣé o ṣì ń jí èkùrọ́ mi?"

Ìyá Àgbà jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sórí àpáta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ sórí fóònù. "Àjíkẹ́ ọ̀lẹ! Kí ni n ó jí lọ́wọ́ ẹ? Wá wo bí ihò mi ṣe jìn. Tìẹ ò ju ìdajì lọ."

"Ọkọ ló gbé mi lọ."

"Èmi náà lọ́kọ, mo ṣì ń pa èkùrọ́." Wọ́n fi ìborùn nu imú. "Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn dí i, wọ́n ní ó ti pẹ́ tó o ti kú. Mo ní ta ló mú òkúta ẹ wá bá mi? Ojoojúmọ́ Ọlọ́run ni mò ń gbá a."

"Má jẹ́ kí wọ́n dí i o, Àbẹ̀ní."

"Wá bá mi gbá a. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Mò ń bọ̀," ni Màmá wí. "Bọ̀dé, ṣé o gbọ́? Mò ń bọ̀."

Mo dá òkúta padà sí àyè rẹ̀. Ìyá Àgbà ní kò tíì tán, pé kí n pa èkùrọ́ sí i kí ihò náà lè mọ̀ pé onílé ò tíì lọ. Mo gbé èkùrọ́ kan sí i, mo gbá a, ó fò lọ sínú igbó. Mo gbá òmíràn, mo gbá ìka ara mi.

"Ta ló ń gbá a bí ẹni ń gúnyán yẹn?" Màmá béèrè nínú fóònù. "Ẹ sọ fún un kó gbé e dúró, kó rọra kàn án lórí."

Gbogbo abúlé fi mí rẹ́rìn-ín. Ní ti ẹ̀rín yẹn, kò dùn mí.

*Mo padà dé Jọ́ọ̀sì*

Bọ̀dé ò jiyàn mọ́ nígbà tí mo dé. Ó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. A fẹnu kò pé bí ẹ̀rùn bá wọlé, tí ọ̀nà bá gbẹ, a ó gbé Màmá lọ. Wọn ò béèrè mọ́ pé ìgbà wo. Wọ́n á kàn ní, "Ṣé Àbẹ̀ní ti gbá a lónìí?", màá sì ní wọ́n ti gbá a. Bí a ṣe wà nìyẹn, tí mò ń sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé ilé dára.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń rán aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mùfútáù ni. Ó fi aṣọ òtútù tí kò bá a mu bo ara, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Kò pè mí tẹ́lẹ̀, kò ní òun ń bọ̀. Mo kí i káàbọ̀, mo bi í pé, "Ìyá Àgbà ńkọ́?"

"Ara wọn ni ò fi bẹ́ẹ̀ yá," ó wí, kò sì wo ojú mi.

Ó kọjá lára mi, ó lọ síwájú àga aláwọ̀ ewé, ó dọ̀bálẹ̀. Ó mú òkúta dúdú tó ń dán fún epo jáde nínú àpò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá.

Màmá gbà á. Wọ́n yí i sókè, wọ́n yí i sílẹ̀, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e sáyà tí wọ́n sì sunkún, irú ẹkún tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, kódà nígbà tí bàbá wa kú. Èmi àti Mùfútáù jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, a bá wọn sun ún.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, wọ́n béèrè pé, "Ta ló dí i?"

"Kò sẹ́ni tó tíì dí i, Màmá. Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn."

Bọ̀dé ti dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ohun tó lè sọ: ẹnì kan ṣoṣo tó mọ Màmá níbẹ̀ ti lọ. Kò sọ ọ́. Ó wo ìyá wa pẹ̀lú òkúta náà láyà wọn, ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé àpótí aṣọ wọn sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù.

A ò ní dúró de ẹ̀rùn mọ́. Lọ́la la ó gbéra. Òkúta dúdú wà lórí ẹsẹ̀ Màmá bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò gbà kí n bá wọn gbé e. Wọ́n ní bí àwọn bá ti dí ihò Àbẹ̀ní tán, àwọn á jókòó síbẹ̀, àwọn á máa pa èkùrọ́ tàwọn lọ, torí ihò tàwọn kò tíì jìn tó.

Bí ẹ bá kọjá níwájú ilé wa, tí ẹ rí àga náà lófìfo, ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín léèrè Màmá, ẹ sọ fún un pé wọ́n wà láàyè, wọ́n wà lórí àpáta. Ẹ sọ ọ́ kíákíá, kó má baà rò pé ńṣe lẹ̀ ń rọra sọ ọ́.